Mo ti ṣe íntáfíù sítísìn láti oṣù Kẹta, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀kẹ́ Alief

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́.

Houston ni mò ń gbé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sílùú yìí ni ọkọ mi, sítísìn ni látìgbà tí wọ́n ti bí i. Oṣù Kẹfà 2020 ni ọjọ́ tó wà lórí gíríìn káàdì mi, ìyẹn ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ní 2022 a fi fọ́ọ̀mù I-751 sílẹ̀ kí wọ́n lè yọ kọ́ńdíṣọ̀n, ìyẹn àdéhùn ọlọ́dún méjì yẹn, kúrò lórí káàdì náà. Ìyẹn ò tíì jáde. Lẹ́tà tí wọ́n fi sún ọjọ́ káàdì síwájú ni mò ń gbé kiri títí di òní. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé ní 2023, mo fi N-400, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè láti di sítísìn, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó sítísìn.

Oṣù Kẹta ọdún 2024 yìí ni wọ́n pè mí fún íntáfíù. Ìbéèrè mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ọ́físà bi mí nípa ìtàn àti ìjọba ni mo gbà, kò bi mí mọ́. Mo kà, mo kọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa ọkọ mi, ọ̀rọ̀ náà sì gùn díẹ̀. Nígbà tó parí, ó fún mi ní bébà kan tó fi àmì sí pé mo yege ìdánwò, ó sì tún fi àmì sí ibi tó ní wọn ò tíì lè ṣe ìpinnu. Ó ní kí n máa lọ sílé, wọ́n á kọ̀wé sí mi.

Oṣù Kẹsàn-án la wà yìí. Àwọn tó ṣe tiwọn lẹ́yìn mi ti ya fọ́tò pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́, wọ́n ti gbé e sí Facebook. Èmi fẹ́ dìbò lóṣù Kọkànlá, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí. Màmá mi dá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ orí sì ń lọ. Sítísìn lè béèrè fún ìyá rẹ̀, oníkàádì ò lè ṣe é. Àbúrò ọkọ mi ní kí n pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìyàwó pásítọ̀ wa ní kí n má tọ́ wọn, pé wọ́n lè fi ìbínú sọ pé rárá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Bàbá Lékan, Baltimore

Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Nígbà tiwa, bíi 2005, 2006, àyẹ̀wò orúkọ, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá èèyàn ní ẹ̀sùn lọ́rùn, nìkan lè dá èèyàn dúró fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn íntáfíù, bẹ́ẹ̀ èèyàn ò sì ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ní orúkọ tó wọ́pọ̀ ló tún jìyà jù. Gbogbo wa la padà gbà á. Mi ò ní kó o sùn o, ṣùgbọ́n àlejò kì í pe onílé lẹ́jọ́ níjọ́ tó ń wá yàrá. Ní sùúrù di ọdún tuntun.

Ṣẹ́gun Minnesota

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ takò yín lórí èyí.

Òfin fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. 8 U.S.C. 1447(b) ló ń jẹ́. Ó ní bí 120 ọjọ́ bá kọjá lẹ́yìn íntáfíù tí wọn ò ṣe ìpinnu, ẹni tó béèrè lè gba ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lágbègbè rẹ̀ lọ. Adájọ́ lè dá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè dá a padà sọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n pẹ̀lú àṣẹ pé kí wọ́n ṣe é. Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹsàn-án, àǹtí, 120 ọjọ́ ti lọ tipẹ́.

Èmi náà ṣe é. Owó ilé ẹjọ́ jẹ́ dọ́là 405, ti lọ́yà lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé bá ti dé ọwọ́ lọ́yà ìjọba, 60 ọjọ́ ni wọ́n ní láti fèsì. Kí 60 ọjọ́ tèmi tó pé, lẹ́tà ìbúra ti dé. Mi ò fojú kan adájọ́ rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbínú sílẹ̀, irú ẹjọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí wọn rárá. Lọ́jọ́ ìbúra tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹjọ́ kankan.

Kòmẹ́sẹ̀

Ọ̀rọ̀ gùn lórí ọkọ, kí ló dé? Ọkọ ń gbélé àbí ọkọ ti lọ? 😂

Ìyá Ìbejì, Katy

Kòmẹ́sẹ̀, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ẹni tó wá gbàmọ̀ràn lo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Alábòójútó, ẹ bá wa wò ó.

Akọ̀wé Bissonnet

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìdúró. Ọ́fíìsì lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o, kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ṣẹ́gun sọ nípa òfin. Ó tiẹ̀ dáa fún yín pé Texas lẹ wà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó Texas, Louisiana àti Mississippi ti dá a ní 2007 pé ọjọ́ íntáfíù àkọ́kọ́ ni 120 náà ti bẹ̀rẹ̀, bí àyẹ̀wò orúkọ ò bá tiẹ̀ tíì parí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ kó dọ́là fún lọ́yà, ẹ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta. Ṣé ọ́físà sọ̀rọ̀ I-751 yín rárá lọ́jọ́ yẹn? Ṣé wọ́n ti fi lẹ́tà béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ yín lẹ́yìn íntáfíù? Ẹ dárí jì mí fún ẹ̀kẹta, kì í ṣe ti Kòmẹ́sẹ̀: ilé kan náà lẹ̀yin àti ọkọ yín ń gbé?

Àbẹ̀kẹ́ Alief

Ẹ ṣé gan-an. Kò síbi tí mo ti bínú.

Ó ní fáìlì I-751 ò sí níwájú òun, pé ibòmíràn ló wà. Wọn ò tíì béèrè ìwé kankan.

Ti ọkọ mi: iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ń ṣe ní Midland látìparí 2022. Ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, á wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló jọ háyà ilé kan níbẹ̀. Àdírẹ́sì Midland yẹn ni iléeṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí W-2, ìwé owó iṣẹ́ ọdọọdún tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí. Òun ni ọ́físà rí tó fi ń bi mí pé kí ló dé. Mo ṣàlàyé fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń san owó orí pọ̀, orúkọ wa méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé ní Alief, ọmọ wa kan wà ní dékéà.

Akọ̀wé Bissonnet

Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ohun méjì ló so ìwé yín mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Àkọ́kọ́ ni I-751. Ẹni tí kọ́ńdíṣọ̀n ṣì wà lórí káàdì rẹ̀ kò lè búra gẹ́gẹ́ bí sítísìn, àfi àwọn díẹ̀ kan bí irú àwọn ológun. Ìyẹn ni pé bí ọ́físà bá tiẹ̀ fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ fọwọ́ sí N-400 lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o láìsí fáìlì yẹn níwájú rẹ̀. Mo máa ń rí èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé N-400 àwọn pẹ́, I-751 ló pẹ́. Nítorí náà, bó bá di ti ilé ẹjọ́, ẹ má gbà kí lọ́yà kankan kọ ẹjọ́ lórí N-400 nìkan. 1447(b) ò kan I-751. Ẹ̀bẹ̀ mìíràn ni lọ́yà máa ń fi kún un nínú ìwé ẹjọ́ kan náà, pé kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti fi falẹ̀. Lọ́yà tí ò bá mọ èyí, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì ni Midland. Ọ̀nà ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ gbà fẹ́ kí tọkọtaya ti jọ máa gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Òfin kò sì sọ pé kí ọkọ má lọ síbi iṣẹ́. Ìlànà wọn fúnra wọn, 8 CFR 319.1, sọ ọ́ ní kedere pé bí ohun tó kọjá agbára wọn, irú bíi iṣẹ́ ológun tàbí iṣẹ́ tó pọn dandan, bá mú kí tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀, tí kì í ṣe pé wọ́n pínyà, kò ba ìwé jẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Ọkọ yín ò tilẹ̀ kó lọ, ó ń padà wálé. Ẹ̀rí ló kù. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ọ́físà gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sì ń sọ ohun mìíràn.

Ìdí tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ sáré lọ pẹjọ́ lọ́la nìyẹn. Ẹjọ́ máa ń fipá mú wọn dáhùn ni, "rárá" náà sì jẹ́ ìdáhùn. Bí fáìlì yín bá mọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ò ní bẹ̀rù. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dé kóòtù rárá, 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti fi N-336 béèrè pé kí ọ́físà mìíràn tún un gbọ́. Bí ìyẹn náà bá já sí rárá, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ló kù, adájọ́ á sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ sọ ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Títí dọjọ́ ìbúra ni ìgbéyàwó yẹn gbọ́dọ̀ wà. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá wáyé, tàbí bí sítísìn bá kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀nà ọdún mẹ́ta ti pa nìyẹn, àfi kéèyàn dúró de ọdún márùn-ún tí àwọn oníkàádì yòókù ń dúró dè.

Ṣẹ́gun Minnesota

Akọ̀wé, mo gbà. I-751 tèmi ti jáde kí n tó pẹjọ́, mi ò ronú síbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ tún mẹ́nu ba ọdún márùn-ún. Àǹtí, oṣù Kẹfà 2020 ni káàdì yín, ọdún márùn-ún pé ní oṣù Kẹfà 2025.

Akọ̀wé Bissonnet

O ṣeun, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Kọ́ńdíṣọ̀n kì í dín ọjọ́ kù, láti ọjọ́ tó wà lórí káàdì àkọ́kọ́ ni a ti ń kà á. Ó sì ṣeé fi sílẹ̀ ní 90 ọjọ́ ṣáájú kó tó pé, ìyẹn nǹkan bí oṣù Kẹta 2025. Lórí ti ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè Midland nítorí N-400. Owó tuntun lẹ máa san, dọ́là 710 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n I-751 ṣì gbọ́dọ̀ parí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn á sì jáde níbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà àbùjá. Àyè tí èèyàn lè gbà ni, bí ti ọdún mẹ́ta bá dí.

Ìyá Ìbejì, Katy

Kí ẹ tó dé kóòtù, ẹ gbìyànjú ọ́fíìsì aṣòfin yín. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ bá a fúnra rẹ̀ o, òṣìṣẹ́ kan wà ní gbogbo ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì irú wàhálà báyìí. Lórí wẹ́ẹ̀bù aṣòfin náà, ẹ wá fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fi gbà kí wọ́n bá yín béèrè ọ̀rọ̀ yín, ẹ buwọ́ lù ú. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn sẹ́nétọ̀ méjèèjì náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rán mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa ti ọ̀rọ̀ yín síra wọn. Ẹ ní kí wọ́n béèrè I-751 àti N-400 pa pọ̀, kí wọ́n sì béèrè pé níbo gan-an ni fáìlì wà. Nígbà tèmi, ìbéèrè yẹn nìkan ló jẹ́ kí wọ́n gbé fáìlì láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì.

Bó bá jẹ́ ti ìbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá lọ tún láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín ṣe, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Rárá ni kẹ́ ẹ sọ. Oníkàádì tó bá fọwọ́ sí i pé sítísìn lòun, tàbí tó dìbò, ó ti fi gbogbo ìwé rẹ̀ wewu. Kò sí "mi ò mọ̀" níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Alief

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Bàbá náà. Ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọ̀kan ló kù: mo fẹ́ lọ rí màmá mi lóṣù Kejìlá. Ṣé kí n má lọ?

Ìyá Ìbejì, Katy

Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́. Kí ẹnì kan máa wo àpótí lẹ́tà yín, kó sì máa wo àkáǹtì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí lẹ́tà ìbúra tàbí ti ìbéèrè ìwé lè dé nígbà tẹ́ ẹ ò sí. Lẹ́tà tó sún káàdì síwájú, ojúlówó ni kẹ́ ẹ gbé dání pẹ̀lú káàdì náà. Ibi tí wàhálà ti wà ni káńtà ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀. Àwọn kan níbẹ̀ máa ń wo ọjọ́ tó ti kọjá lórí káàdì, wọn ò ní ka lẹ́tà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pe ìmígíréṣọ̀n kẹ́ ẹ tó lọ, kí wọ́n fi sítáǹpù I-551, tó ń fi hàn pé oníkàádì ni yín, sínú pásípọ́ọ̀tù yín. Ìyẹn kò ní awuyewuye.

Bàbá Lékan, Baltimore

Akọ̀wé, o ṣeun, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Àbẹ̀kẹ́, gba tiwọn.

Akọ̀wé Bissonnet

Ẹ ṣé, Bàbá. Àǹtí, ìwé iléeṣẹ́ ọkọ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má gbà kí wọ́n kọ ìlà méjì pé òṣìṣẹ́ àwọn ni. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé orí kànga epo ní Midland ni iṣẹ́ wà tí kò sì ṣeé ṣe láti Houston, àti bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọ̀kan yẹn ṣe ń lọ. Ẹ fi risíìtì ọkọ̀ òfuurufú tàbí epo mọ́tò tó fi ń wálé kún un, ìwé owó orí tẹ́ ẹ jọ san láti 2020, ìwé ilé, àti ìwé dékéà tí orúkọ ọkọ yín wà nínú rẹ̀ pé ó lè wá gbé ọmọ. Ẹ tún ní kí iléeṣẹ́ yí àdírẹ́sì tó wà lórí W-2 padà sí Alief kí ti ọdún yìí tó jáde ní oṣù Kìíní. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ fi ṣọwọ́ sínú àkáǹtì N-400 yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì aṣòfin. Bó bá di oṣù Kìíní tí wọn ò sọ nǹkan kan, ẹ padà wá síbí, a ó jọ sọ̀rọ̀ kóòtù.