Ọ̀rọ̀ wax àti sealant ọkọ̀ mi ti yanjú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Lóṣù tó kọjá ni mo béèrè ìdí tí sealant (ohun ìpara oníkẹ́míkà tó ń dáàbò bo ọ̀dà ọkọ̀) tí mo fi pa Corolla dúdú mi fi ń ṣe àbàwọ́n, tí òjò méjì péré sì fọ̀ ọ́ dànù. Mo ti rí okodoro rẹ̀.

Wax, ìyẹn ìda tó ń mú ọkọ̀ dán, ni mo kọ́kọ́ fi pa á, kí n tó fi sealant lé e. Òdìkejì ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀dà tó mọ́ nigín ni sealant máa ń lẹ̀ mọ́. Ọ̀rá inú wax kò jẹ́ kó ráyè dì í mú. Wax carnauba ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Bràsíl, lè jókòó sórí sealant láìsí wàhálà.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàbà tó ní kí n kọ́kọ́ bó wax àti sealant àtijọ́ kúrò, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọṣẹ ìfọwo ni mo fi fọ̀ ọ́, mo wá fi ọtí isopropyl (irú spirit tí a fi ń nu nǹkan) tí mo fi omi là nù ún. Mo pa sealant fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé mọ́jú, wákàtí 12 gbáko, nítorí eruku pupa ọ̀nà wa yìí kì í dáríjì ni. Ilẹ̀ mọ́ kí n tó fi wax lé e.

Òjò rọ̀ ní Ìsánlú lánàá. Omi ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí mo sì ṣe wa ọkọ̀ gbéra, omi náà ń yí lọ tòun ti eruku. Inú mi dùn púpọ̀. Ìbéèrè mi ti parí.