Ṣé kòkòrò tó wọ inú èèpo lọ náà ni labalábá tó jáde?

Ìyá Ọlọ́gbà kọ̀wé pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí bá mi dá sí i.

Mo ní igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí mo gbìn sínú ike ńlá lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo rí i pé nǹkan kan ń jẹ ewé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti wò ó dáadáa, ìgbẹ́ ẹyẹ ni mo sì pe ohun tí mo rí: ó dúdú, ó ní funfun díẹ̀ láàrin, ó ń dán bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́jọ, ló sọ pé, "Màmá, ìgbẹ́ ẹyẹ yìí ń rìn o." Mo ti mú oògùn apakòkòrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí pé kí n má pa á. A gé ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ sínú ìgò omi, a sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó bò ó.

Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó bọ́ awọ, ó di aláwọ̀ ewé, ó sì sanra tó ọmọńdinrín mi. Bí ọmọ mi bá fi igi tín-ín-rín kàn án, ìwo méjì tó pupa bí osùn á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn kan tó mú ju ti èèpo ọsàn lọ á sì gba gbogbo yàrá. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó rìn kiri títí, ó wá fi okùn tín-ín-rín kan de ara rẹ̀ mọ́ igi, ó fara tì í sẹ́yìn gẹ́lẹ́ bí adẹ́mu ṣe ń fara ti igbà lórí ọ̀pẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, awọ rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, èèpo líle kan tí kò lójú tí kò lẹ́sẹ̀ ló kù níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, èèpo náà là, labalábá dúdú tó ní tótòtó àwọ̀ ìyeyè jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ rún jọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi kúrò lára rẹ̀, ó sì ń nà án díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìrẹsì mi jóná lórí iná lọ́jọ́ náà, nítorí pé n kò lè kúrò níbẹ̀.

Ọmọ mi wá bi mí pé, "Ṣé kòkòrò yẹn kú ni, tí ẹlòmíràn wá jáde nínú ilé rẹ̀, àbí òun náà ni?" N kò rí èsì fún un. Ìbéèrè tèmi sì ni pé, kí ló dé tí ohun kékeré báyìí fi ń gba ọkàn àgbàlagbà mọ́ ọn lọ́wọ́?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì fèsì pé:

Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Labalábá tó bẹ̀ yín wò ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Papilio demodocus, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà lọ, níbikíbi tí ọsàn bá ti ń hù. Ohun pupa tí ẹ rí kì í ṣe ìwo ní tòótọ́. Ẹran ara rírọ̀ ni, abẹ́ awọ ẹ̀yìn orí ni kòkòrò náà ń fi í pamọ́ sí, tó bá sì bínú tàbí tó bẹ̀rù ni ó máa ń tì í jáde kí òórùn rẹ̀ lè lé èèrà àti àwọn ọ̀tá mìíràn sá.

Ìbéèrè ọmọ yín jinlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé gbogbo kòkòrò náà a máa yọ́ di omi nínú èèpo, tí labalábá tuntun á sì wá ti inú omi náà dìde. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Láti ìgbà tí kòkòrò náà ti ń jẹ ewé lórí igi yín ni ìṣù kéékèèké tí yóò di ìyẹ́ ti wà lábẹ́ awọ rẹ̀, tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n ń dúró de àkókò. Nígbà tó wọ inú èèpo, ọ̀pọ̀ iṣan àti ìfun tó fi ń jẹ ewé yọ́ lóòótọ́, ara rẹ̀ sì fi ohun tó yọ́ náà ṣe oúnjẹ fún kíkọ́ ara tuntun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọ́. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ X-ray wo inú èèpo irú labalábá mìíràn lójoojúmọ́ láì pa á, wọ́n sì rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀nà tó fi ń mí ti wà níbẹ̀ ketekete.

Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àfòpiná ni wọ́n lò, kì í ṣe labalábá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà yí padà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kòkòrò rẹ̀ gbọ́ òórùn kan, wọ́n sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta wọ́n bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ, títí tí wọ́n fi ń sá fún òórùn náà. Nígbà tí àwọn tí wọ́n kọ́ ní ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ inú èèpo jáde pẹ̀lú ìyẹ́, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń sá fún òórùn kan náà. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní kékeré kò rántí mọ́. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: ẹ̀kọ́ tó kọ́ nígbà tó ń fi ikùn wọ́ ni ó ń lò nígbà tó ń fò. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kò kú. Òun náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun jíjẹrà ni irú àwọn kòkòrò báyìí ti ń wá. Maria Sibylla Merian, obìnrin kan tí wọ́n bí ní ìlú Frankfurt ní ọdún 1647, wà lára àwọn tó fi ojú ara wọn rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò ṣẹ́dà nílé, tó ń ya àwòrán wọn bí wọ́n ti ń yí padà. Ní ọdún 1699, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sùrìnámù, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, láti wá labalábá àti ewé tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ohun tí ìyá àti ọmọ yẹn ṣe ni ẹ̀yin àti ọmọ yín fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe lẹ́yìn ilé yín.

Tí òmíràn bá tún ń jáde, ẹ wo ẹnu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀nà méjì ni ẹnu náà máa ń wà, bí okùn méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, yóò sì máa ká a, yóò máa tú u, títí tí méjèèjì yóò fi pa pọ̀ di ihò kan ṣoṣo tí yóò máa fi fa omi òdòdó. Bí ẹ bá rí omi tó pọ́n díẹ̀ tó kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ kọ́. Ẹ̀gbin tó kó jọ nínú èèpo ni.

Àgbẹ̀ Ọlọ́sàn fèsì pé:

Mo kí Olùkọ́, àlàyé náà yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbin ọsàn tà, ojú mìíràn ni mo fi ń wo kòkòrò yìí. Igi ọsàn ńlá kò ka àjẹkù díẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀gbìn tí kò tíì pé ọdún kan, kòkòrò méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ ẹ́ kù ní igi lásán kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń yẹ abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan wò. Ẹyin rẹ̀ rí róbótó, kò ju orí píìnì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì máa ń yé e. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣa àwọn tó ti pa, mo sì ń kó wọn lọ sórí ọsàn àgbà kan tó wà lẹ́bàá oko.

N kì í fín oògùn sí wọn mọ́, ìdí rẹ̀ sì kan ìbéèrè ọmọ yín. Mo gbé irú èèpo bẹ́ẹ̀ kan sínú ìgò nígbà kan rí, mo ń retí labalábá. Ihò kékeré kan ni mo rí lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, agbọ́n wínníwínní tí kò tóbi ju èèrà lọ sì kún inú ìgò. Ìyá àwọn agbọ́n náà ló ti yé ẹyin sínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jẹ ẹ́ tán láti inú. Olùkọ́ sọ òótọ́ pé òun náà ni ó ń jáde, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹlòmíràn ni ó ń jáde nínú ilé rẹ̀ lóòótọ́. Oògùn tó pa kòkòrò á pa àwọn agbọ́n yẹn pẹ̀lú, àwọn ló sì ń bá mi ṣọ́ oko.

Ará Òkè-Ògùn fèsì pé:

Lórí ìbéèrè kejì, ìyẹn ìdí tí ohun kékeré báyìí fi ń gba ọkàn àgbàlagbà, mo rò pé àwọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fa ojú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe tìtorí wa ló ṣe wọ aṣọ náà. Gbogbo wa mọ bomubomu, èyí tí àwọn Fúlàní ń fi ewé rẹ̀ mú kí wàrà dì. Oje funfun tó wà nínú rẹ̀ lóró. Kòkòrò labalábá kan tí wọ́n ń pè ní Danaus chrysippus ń jẹ ewé bomubomu yìí, ó ní ìlà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè yí ara rẹ̀ ká, oró ewé náà sì ń wà lára rẹ̀ títí tó fi di labalábá. Ẹyẹ tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan á bì í, kò sì ní gbàgbé àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ní ṣóńṣó ìyẹ́ dúdú àti funfun yẹn mọ́.

Labalábá mìíràn wà, Hypolimnas misippus, tí kò lóró rárá. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun ràbàtà, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú èyí tó lóró, tó fi jẹ́ pé ó ṣòro láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì bí wọ́n bá ń fò. Àwọn baba wa sọ pé labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Èyí fi ara rẹ̀ wé labalábá ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹyẹ sì gbà á gbọ́.

Ọmọ Ahunṣọ fèsì pé:

Mo rí i pé Olùkọ́ mẹ́nu ba ṣẹ́dà. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, àwọn kan máa ń sọ pé ara labalábá ni òwú sányán ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àfòpiná kan tí wọ́n ń pè ní Anaphe ni, àwọn kòkòrò rẹ̀ a sì máa pawọ́ pọ̀ hun ilé kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn á wọ inú rẹ̀ pọ̀, kí olúkúlùkù tó hun tirẹ̀ sínú. Ilé yẹn ni àwọn ìyá wa máa ń fi omi eérú sè kí wọ́n tó ran án ní òwú. Irun inú rẹ̀ a máa yún ara gan-an, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ìdí nìyẹn tí sányán fi jẹ́ baba aṣọ.

Ọmọ Yorùbá ní London fèsì pé:

Níbí ni mo ti rí èyí tó gba ọkàn tèmi. Labalábá rúsúrúsú kan, Vanessa cardui, ń dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ooru, ní ọdún 2009 sì ni ó dé ní ọ̀wọ́ ńlá. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé òtútù ń pa gbogbo wọn, nítorí pé wọn kì í rí èyí tó ń padà. Ẹ̀rọ radar, èyí tó ń rí ohun tó ń fò lójú sánmà, ló tú àṣírí náà: òkè réré, tó ju 500 mítà lọ, ni wọ́n ń gbà padà sí gúúsù. Láti ilẹ̀ Áfíríkà olóoru lọ sí àríwá Yúróòpù àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 14,000 kìlómítà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rin ìrìn náà tán. Ìyá á yé ẹyin sójú ọ̀nà, á kú, ọmọ á sì gba ibi tí ìyá dé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, onímọ̀ kan, Gerard Talavera, rí díẹ̀ nínú wọn ní etíkun Guyane, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kì í gbé, ìyẹ́ wọn sì ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Nígbà tí wọ́n yẹ eruku òdòdó tó wà lára wọn wò, wọ́n bá ti igi méjì tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń hù sí. Àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2024: afẹ́fẹ́ ló bá wọn gbé e, wọ́n fò ju 4,200 kìlómítà lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá òkun Àtìláńtíìkì, láàrin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ. Kò sí ibi ìsinmi kankan lójú omi náà. Ìwọ̀n ara ọ̀kan kò tó gíráàmù kan.

Ìyá Ọlọ́gbà fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ka èsì Olùkọ́ sétí ọmọ mi, inú rẹ̀ dùn pé kò kú. Mo ka ti Àgbẹ̀ náà fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí a tún nẹ́ẹ̀tì náà rán kí agbọ́n má baà wọlé.

Èèpo mẹ́ta ni a tún ní báyìí. Ọ̀kan ní ihò kékeré lára, a sì ti mọ ohun tó fà á. Èkejì ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta ti ń dúdú láti àná, nígbà tí a sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i lálẹ́, tótòtó àwọ̀ ìyeyè ìyẹ́ rẹ̀ ti hàn láti inú wá. Ọmọ mi ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síbẹ̀ láti agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹnu rẹ̀ tó pín sí méjì yẹn ni ó fẹ́ rí.