Èsì: Amómimí kọ́, amómimì ni

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ. Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ jù mí lọ dáadáa, ó sì ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n ṣe bí ẹyẹ àkókó tó yọjú nígbà tí wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀rọ̀ ẹja inú gíláàsì ni, ẹja sì ń bẹ nílé mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i: ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn kọ̀wé nípa àwọn tó ń sin ẹja òkun nínú táńkì nílé. Ó pe pọ́ǹpù kékeré tó ń da omi táńkì rú ní "amómimí". Ó pe ọ́síjìn ní "afẹ́fẹ́ ẹ̀mí". Ó wá ní nígbà tí amómimí ẹnì kan bàjẹ́ lóru, "àwọn ẹja náà kú sómi". Àbúrò wa kan bi í pé ṣé mí ni àbí mì. Èsì tó fọ̀ ni pé kí á má fi àmì ohùn da ara wa láàmú, gbogbo wa ṣáà mọ ohun tí òun ń wí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Àmì ohùn yẹn gan-an ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Mi ò bá yín jà lórí bí ẹ ṣe hun iwájú rẹ̀. A-mú-omi di amómi, bí a-mú-ohùn ṣe di amóhùn nínú amóhùnmáwòrán. Ó dán, ó ń yọ̀ lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ ló wó. Bí nǹkan bá mú omi mí, omi ló ń mí nìyẹn. Omi wo ló ń mí? Ẹja ló ń mí! Bó bá sì jẹ́ pé pọ́ǹpù ń mí èémí sínú omi lẹ fẹ́ wí, níbo ni "sí" wọlẹ̀ sí? Yàtọ̀ sí èémí fúnra rẹ̀, a kì í mí nǹkan, a máa ń mí sí i ni.

Mì ni tèmi, ohùn ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Ẹni tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ọ ní ohùn àárín, bí a ṣe ń "mi igi" tí a ń "mirí", kó rántí pé ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀lé e ló gbé e sókè níbẹ̀. Nínú amómimì, omi ti ṣáájú, kò sí ohun tí yóò gbé e. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti sọ fún mi pé mì tún ni ti oúnjẹ tí a gbé mì. Rárá o. Gbé ni ìyẹn ń bá rìn, agbómimì ni ì bá jẹ́, ihò ilé ìwẹ̀ ni mo sì lè fún ní orúkọ yẹn. Àbúrò wa ní Houston tó mú "amómihó" wá náà ṣeun, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù ló júwe.

Gírámà nìkan kọ́. Mímì ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ń gbà jáde. Pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi pàápàá, ohun tó ń ṣe jù ni pé ìhó afẹ́fẹ́ náà ń fa omi ìsàlẹ̀ gòkè, ó sì ń rú ojú omi. Omi òkun tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ìwọ̀n 25°C, lítà omi odò kan lè gba ọ́síjìn tó mílígíráàmù 8.2, omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ tó gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù kan kì í gbà ju bíi 6.7 lọ. Bó bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù sí i. Ẹ̀gbọ́n fi àrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, pé ó máa ń yọ ẹnu sókè mí nínú bàsíà. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń gba afẹ́fẹ́ sínú tààrà, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ọjà láàyè nínú omi tí kò bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹja òkun tèmi ò ní in.

Lọ́dún tó kọjá, ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ òru ni mo lọ. Pọ́ǹpù tó ń gbé omi láti àpótí ìsàlẹ̀ padà sí táńkì òkè dáṣẹ́ dúró lóru. Nǹkan funfun tó le bí ẹfun, tí omi òkun máa ń fi sílẹ̀, ló ti dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yọ ìdọ̀tí ṣì ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ó ń fún omi ibẹ̀ ní ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ẹja kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí iná táńkì bá ti kú, ewé inú omi ò ṣe ọ́síjìn mọ́, òun náà ń lò ó ni, kòkòrò àìfojúrí tó wà lára àwọn òkúta sì ń lò ó.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ojú omi dúró bíi dígí, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹja aláwọ̀ ìyeyè tí mo fẹ́ràn jù ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn méjì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun ń mí gúlegúle lábẹ́ ojú omi, ẹnu wọn ń là, ó ń pa dé.

Mo sáré gbé jọ́ọ̀gì. Mò ń bu omi, mò ń dà á padà láti òkè, bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń fi igbá ṣe é fún epìyà inú bàsíà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. "Ẹ mi omi yẹn o, ẹ má jẹ́ kó sùn!" ni ìyá àgbà máa ń pariwo mọ́ àwa ọmọ. Kò kàwé, kò gbọ́ ọ́síjìn rí, kò sì sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé kí omi mí. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí àwọn méjì yẹn tó kúrò lójú omi. Apá ro mí dọ́jọ́ kejì.

"Kú sómi" ńkọ́? Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ ló ń kú sómi. Ẹja ò níbòmíràn tó fẹ́ kú sí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọmọ Ìlàjẹ, lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹni tó nílé kì í kú sílé ni. Mi ò tíì rí èsì fọ̀ fún un.

"Afẹ́fẹ́ ẹ̀mí" ní tirẹ̀, ilé ìjọ Aládùúrà la ti ń gbà á. Ọ́síjìn ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é; bí ẹ bá fẹ́ Yorùbá dandan, èémí ni kí ẹ fi sí i. Ẹni tó sì kọ "ategun" lánàá láìfi àmì kankan sí i, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni ẹ ń wí àbí àkàsọ̀.

Mo ti fi fínígà fọ pọ́ǹpù náà, mo tún ra òmíràn tó ń lo bátìrì pa mọ́. Mo lẹ bébà mọ́ ọn lára, mo kọ AMÓMIMÌ sí i, àmì rẹ̀ pé pérépéré. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kà á dáadáa. Ó ní, "Dádì, ta ló gbé omi mì?"