Gbohùngbohùn kọ́ lèyí o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé ṣáájú ní ká kúkú máa pe reverberation, ìyẹn ìró tó máa ń fà nínú yàrá lẹ́yìn tẹ́nu ti pa mọ́, ní gbohùngbohùn lédè Yorùbá kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má bínú sà, mi ò gbà.

Gbohùngbohùn níṣẹ́ tiẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní nǹkan bíi mítà 17 sí àpáta ńlá kan l'Ábẹ̀òkúta níbí tó pariwo, ohùn ẹ̀ á lọ á bọ̀, á sì gbọ́ ọ lọ́tọ̀ gedegbe. Inú yàrá ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi táìsì tẹ́, tí ò sí kọ́tìnì, ohùn á gbá ògiri, á gbá àjà, á gbá ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wọ́ léra wọn débi pé èèyàn ò ní lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, á kàn máa fà ni. Ìyẹn ló ń da kọ̀ǹpútà tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ láàmú tí máìkì bá jìnnà, torí bẹ́ẹ bá ṣe ń sún sẹ́yìn lohùn tó ń tẹnu bọ̀ tààrà ń rẹlẹ̀, èyí tó ń tara ògiri bọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ti èdè Yorùbá tiwa tún le, ohùn òkè tí ò tíì tán lè bọ́ sórí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ wá kọ igbá síbi tẹ́ ẹ ti pe ìgbà! Wọ́n sì ti ń pe máìkì fúnra ẹ̀ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ tún fẹ́ di ẹrù mìíì lé ọ̀rọ̀ kan náà lórí.

Èmi fara mọ́ ká pe reverberation ní ìró àṣẹ́kù. Ẹnu ti pa mọ́, ìró ṣì kù nílẹ̀. Nígbà tí Wallace Sabine, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì Harvard lọ́dún 1895, tó ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láti wo bí ìró á ṣe tètè kú, ìró tó ṣẹ́kù lòun náà ń pè é.

Ti beamforming ńkọ́, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú kí máìkì gbọ́ ohùn ibì kan ju ti ibòmíì lọ? Ẹnì kan ní "ìdá ìtànṣán", àmọ́ kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀ jàre. Máìkì mélòó kan ni wọ́n tò jọ, ohùn ò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á dá èyí tó yára dúró de èyí tó pẹ́, á wá pa wọ́n pọ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ròkè, ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ibòmíì wá ò ní bára mu. Ó dẹtí síbì kan ni. Mo ní ká pè é ní ìdẹtísí, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ kó mú un wá.