Yàtọ̀ sí Aiyé, kí ni Ògúndé ṣe lórí ìtàgé?

Tíṣà Abẹ́òkúta

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ ní Yorùbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé orí eré oníṣe, mo wá bi wọ́n pé ta ni Hubert Ògúndé. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Bàbá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà nínú fíìmù ni." Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fẹ́ fi kún un, mo lanu, n kò rí nǹkan sọ. Èmi náà kò mọ̀ ju fíìmù Aiyé àti Jáíyésinmi lọ, ẹnu ìyá mi ni mo sì ti gbọ́ ìtàn wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìwé eré kan tó kọ, kí àwọn ọmọ lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ níparí táàmù. N kò rí. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní òṣèré àti òǹkọ̀wé eré. Ìwé náà dà? Ẹni tí a kò rí ìwé eré rẹ̀ kà, báwo la ṣe ń pè é ní òǹkọ̀wé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 10 oṣù keje 1916. Pásítọ̀ oníjọ Bàtísì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ìyá rẹ̀ ń bọ Ifá. Ó ti kékeré tẹ̀lé eégún alárìnjó kiri. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Àwọn fíìmù tí àwọn ọmọ yín mọ̀ yẹn, 1979 ni àkọ́kọ́ nínú wọn jáde. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà náà! Gbogbo iṣẹ́ orí ìtàgé ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó fojú rí i.

Bàbá Iléṣà

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìbéèrè yín nípa ìwé yẹn ló mú mi jókòó ti fóònù yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní 1966. Bí àwọn Ògúndé bá wọ ìlú, ẹ ó mọ̀ láti ọ̀sán. Ọkọ̀ wọn á máa yí ìlú ká, gbohùngbohùn lórí rẹ̀, àwọn onílù nínú rẹ̀, wọn á máa kéde eré alẹ́. Àwa ọmọdé á sá tẹ̀lé e láti Ìsọ̀kùn títí eruku yóò fi bò wá lójú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta bàtà, ló san owó tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní kí n fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọ gbọ̀ngàn.

Eré kọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Orin àti ijó ni, èyí tí àwọn òṣèré ń pè ní opening glee. Àwọn obìnrin jáde ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, aṣọ kan náà lára gbogbo wọn, sasofóònù ń ké lẹ́yìn wọn, Ògúndé fúnra rẹ̀ sì yọ láàrin wọn. Ó kí ìlú, ó fi orin sọ ìdí tí eré fi wáyé. Kò pẹ́, ó wọlé. Nígbà tó tún jáde, aṣọ ti yí, ìrìn ti yí, ohùn ti wúwo. N kò mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tẹ̀ sí mi létí pé, "Ọkùnrin tó kọrin lẹ́ẹ̀kan nìyẹn." Mo wò ó títí, mi ò gbà á gbọ́. Orin kan náà ni wọ́n tún fi pa eré dé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, orin ni gbogbo eré, láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tó yá ló fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún un. Orin ló máa ń kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, òun ló sì ń wá ohùn tí wọn á fi kọ ọ́. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ fún títà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń bá òṣèré sọ, ìdánrawò ni wọ́n ti ń wá a. Á sọ ìtàn fún wọn, á sọ ohun tí ìran yìí ń fẹ́ àti ibi tó gbọ́dọ̀ parí sí, olúkúlùkù á wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n bá dé ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ lè yí díẹ̀, ìtàn kò yí. Òǹkọ̀wé ni, Tíṣà. Ara àwọn ènìyàn ló ń kọ ọ́ sí. Ẹ má wá ìwé eré. Orin ni kí ẹ wá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ọlọ́pàá ṣì ni. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe eré, kí wọ́n fi rí owó kọ́ ilé ìsìn. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló gbé kalẹ̀. Ní 1945 ó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní eré ni òun yóò máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ro èyí dáadáa. Eléré ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ògúndé kò ní ibì kankan tó máa padà sí.

Ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní ogójì ọjọ́. Kò tíì tutù tí Ògúndé fi gbé e sórí ìtàgé, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, ìjọba òyìnbó ní kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú mọ́kànlélógún ní Enugu. Ní 1950 ó ti fi Bread and Bullet dá wọn lóhùn. Ẹni tó ti wọ aṣọ ọlọ́pàá rí ló ṣe é o!

Kí wọ́n má rò pé òṣèlú nìkan ni. Ní 1946 ló fi Human Parasites bá àwọn tó ń jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí wí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti 1964. Gbogbo yín ti gbọ́ orúkọ Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba kan ni, tí ìgbákejì rẹ̀ lọ bá ọ̀tá mulẹ̀. Kò sí orúkọ olóṣèlú kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni òkò ń bá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò agbègbè náà. Ilẹ̀ tí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí jù ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú yẹn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní òṣèré tí yóò bọ́. Eré mìíràn ló fi fèsì, Òtítọ́ Korò. Oṣù kejì 1966, lẹ́yìn tí sójà gba ìjọba, ni Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tó mú òfin náà kúrò. Ìdí nìyẹn tí ìlú fi kún bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo ń sọ yìí. Ẹlòmíì ti ń dúró de alẹ́ yẹn láti ọdún méjì.

Onílù Ìbàdàn

Bàbá, ẹ kú ìrántí o. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dùn mí. Orúkọ òyìnbó pọ̀ jù nínú eré wọ̀nyí. Sasofóònù, ijó òyìnbó, orúkọ òyìnbó. Ẹ wo Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo: dùndún àti bàtá, oríkì, ẹsà, Ṣàngó fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé nínú Ọba Kò So. Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kí Tíṣà fi ṣe àpẹẹrẹ?

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà tún wà ńbẹ̀. Wọ́n ní gbogbo òṣèrébìnrin rẹ̀ ló ń fẹ́.

Bàbá Iléṣà

Onílù, o ṣeun. Ládiípọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1963 ni Ọba Kò So. Nígbà yẹn Ògúndé ti fi ọkọ̀ la ọ̀nà fún nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, àwọn ìlú sì ti mọ̀ pé eré jẹ́ ohun tí à ń sanwó wò.

Ti sasofóònù: nígbà àkọ́kọ́ tó gbé eré ìtàn Bíbélì dé Gold Coast (Ghana òní), kò tà. Irú eré tí wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ yàtọ̀. Ó kọ́ tiwọn, ó mú un wá sílé. Ẹni tó ń wo ojú ọjà ni. Nígbà tó sì tó àkókò, ó padà sídìí Ifá, ẹsẹ̀ àti ọfọ̀, ìyẹn lẹ rí nínú fíìmù.

Ní ti àwọn obìnrin, mi ò ní bo nǹkan kan. Ní 1946, fún eré Tiger's Empire, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa gba owó oṣù lórí ìtàgé. Ojú burúkú ni ìlú fi ń wo iṣẹ́ náà. Èyí tó bá sì kọ́ ọ, bó bá relé ọkọ, ó di pé ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ wọn. Wọ́n pàdánù nǹkan nínú ìyẹn, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí a máa dárúkọ wọn pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Adéṣèwà Clementina wà lára àwọn tó gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ní 1970, ojú ọ̀nà Iléṣà níbí, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré fún wa, ni jàǹbá ọkọ̀ ti pa á. Mo ti ń di géńdé nígbà náà. Ìyá mi ti pọn omi sínú ìkòkò kí a lè tètè jẹun alẹ́ ká lọ. Ìròyìn ló dé, eré kò dé.

Ọkọ rẹ̀ tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀. Ogún ọdún mìíràn ló fi ṣe é, títí ó fi kú ní London ní oṣù kẹrin 1990.

Tíṣà Abẹ́òkúta

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Mo ka ti Màmá Adéṣèwà fún àwọn ọmọ láàárọ̀ yìí, kíláàsì dákẹ́ lọ gbáà. Ọmọkùnrin tó dáhùn lọ́jọ́sí ló ní kí n tún un kà.

A ti pinnu. A ò wá ìwé mọ́. Aṣọ ẹbí ni a máa fi ṣe eré tiwa, nítorí kò sí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò jẹ gbèsè aṣọ rí. Mo sọ ìtàn fún wọn, mo sọ ibi tó máa parí sí, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló ń ṣe aláṣọ tó wá sin gbèsè! Orin ìbẹ̀rẹ̀ ló kù. Wọ́n ti kọ ìlà mẹ́rin, ohùn rẹ̀ kò tíì wọ̀.

Onílù Ìbàdàn

Ẹ fi ìlà mẹ́rin náà ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè gbé gángan wá lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá Iléṣà

Gbé e wá, ọmọ mi. Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin aláṣọ yẹn wà láàrin àwọn tó máa kọ́kọ́ jáde kọrin. Kí ó wá pààrọ̀ aṣọ kó tó wá sin gbèsè. Ẹ wo bóyá àwọn tó jókòó níwájú á dá a mọ̀.