Ìdáhùn: “Ààbò ẹnìkẹta” kọ́, adójútòfò ni

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé lánàá pé kí á pa “adójútòfò”, orúkọ tí a ń pe insurance, tì, pé ó ti gùn jù, ó sì dà bí èpè. Kí á máa pe third party ọkọ̀, insurance tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ wa bá kọlù, ní “ààbò ẹnìkẹta”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà.

Adìyẹ tó da ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀, ààbò nìyẹn. Àṣá ò rí i gbé. Ìwé adójútòfò kì í dá ọkọ̀ dúró kó má forí sọ òpó. Òfò á kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ná, kí owó tó wá dójú tì í.

“Ẹnìkẹta” yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ta ni ẹnìkẹta? Àbúrò mi san 15,000 náírà fún third party (5,000 ni kó tó di oṣù Kìíní 2023), ó gbà pé ilé iṣẹ́ tó gba owó òun ni ẹnìkẹta, pé àwọn ló máa tún ọkọ̀ òun ṣe. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ó fi imú ọkọ̀ gbá ìdí Corolla kan ní Ìwó Road. Bọ́ńpà Corolla já, iná iwájú ọkọ̀ àbúrò mi fọ́ yángá, omi ráyétọ̀ ń ṣàn sójú títì. Wọ́n sanwó fún oní-Corolla. Òun ò gba kọ́bọ̀, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tí a kọlù ni ìwé yẹn wà fún; ní ti ohun ìní, mílíọ̀nù 3 náírà ni òpin rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún tiẹ̀ ṣe, comprehensive ni kó rà, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 6, ó kéré tán, 300,000. Nítorí náà, “adójútòfò ẹni-a-kọlù” ni orúkọ tí mo fún third party.

Láti 1 oṣù Kejì 2025 ni ọlọ́pàá ti ń béèrè ìwé yìí lójú títì. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù yín wò, kó má lọ jẹ́ ayédèrú lẹ rà.

Sí ìyá wa tó ní inú “bójú tó” ni -tòfò ti wá: ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, mà. Dá ọ̀ràn, dáràn. Ṣe òfò, ṣòfò. Tó bá jẹ́ “tó” ni, ohùn òkè rẹ̀ ò ní sọnù, “tófò” là bá máa gbọ́. Ojú ni a dá ti òfò.

Ẹnu bàbá mi, tó wa bọ́lẹkájà láti Òǹdó sí Ìbàdàn, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n á yọ ìwé náà nínú àpò bùbá, wọ́n á ní, “Òfò ò ní fi wá ṣẹ̀sín.” Èpè dà níbẹ̀? Òfò ni a ń dójú tì, a ò dójú ti ènìyàn.

Ẹni tó sì ní kí n yọ àmì ìdè (-) kúrò nínú “ẹni-a-kọlù”, mi ò ní yọ ọ́. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, kí lẹ ń pe adójútòfò lọ́dọ̀ yín?