Ta ni òfin ní kó pèsè olùkọ́ ọmọ mi: charter ni àbí district?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Philadelphia. Kèké mú ọmọ mi wọ charter school lọ́dún yìí, ìyẹn ilé ìwé tí owó ìjọba ń gbé ró ṣùgbọ́n tó ń darí ara rẹ̀. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, olùkọ́ kan máa ń jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí ó ń kólòlò. Ó wà nínú IEP rẹ̀, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún ọmọ tó nílò àkànṣe ẹ̀kọ́. Níbi tuntun yìí, kò sí olùkọ́ kankan. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, ó ní owó ò tó, kí n lọ bá district, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọba ìlú. Àwọn yẹn ní àwọn ti sanwó ọmọ náà fún charter. Wọ́n wá sọ mí di bọ́ọ̀lù.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé látìgbà òfin charter ti 1997, district ló ń sanwó ọmọ kọ̀ọ̀kan fún charter ní Pennsylvania, owó ọmọ tó nílò irú ìrànlọ́wọ́ yìí sì máa ń ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ìjà owó tiwọn nìyẹn, kò kan ahọ́n ọmọ mi.

Ẹni tó bá ti kojú irú rẹ̀: ọrùn ta ni olùkọ́ yìí wà lábẹ́ òfin? Ṣé kí n kọ́kọ́ bèèrè ìpàdé IEP tuntun ni, àbí kí n fẹjọ́ sun ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní Harrisburg tààrà?